Agbọ̀n Tí A Dojú Rẹ̀ Bolẹ̀

Adéagbo tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa náà sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú búùtù takisí. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n iṣu. Ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ̀ bóyá yóò bu òun jẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń lọ ni àbí kò lọ mọ́?" Abdulhakeem awakọ̀ ló bi í. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e sí i, ẹ gbé e kúrò. Ẹ tún gbé e sí i, ẹ tún gbé e kúrò. Epo yẹn fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tó ń lọ mọ́."



Abdulhakeem náà ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Nígbà tí Adéagbo kọ́kọ́ gbé ẹrù náà jáde nínú ilé, awakọ̀ yìí ti pàtẹ́wọ́.

"Háà! Bàbá onílẹ̀ fúnra wọn! Ta lẹ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún?"

Àwàdà lásán ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ Adéagbo létí, kò sì jáde mọ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìṣákọ́lẹ̀ ní Ìrẹ̀mọ, àdúgbò wọn ní Ifẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni í gbé iṣu àti epo lọ sílé onílẹ̀ lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé onílẹ̀ kò rí iṣu jẹ. Ẹ̀rí ni. Ọwọ́ tó gbé e wá ń sọ pé, ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ tó gbà á ń sọ pé, tèmi ni. Ní ilé tiwọn, bí bàbá Adéagbo bá ti gba agbọ̀n, á da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, á dojú agbọ̀n bolẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó gbé e wá á dọ̀bálẹ̀, á máa lọ. Nígbà tí bàbá kú, Adéagbo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìdí agbọ̀n.

Òun náà ló wá fẹ́ gbé iṣu àti epo lọ bá ẹlòmíì lónìí, nítorí igbó.

Igbó Ìdí-Ọ̀mọ̀ wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Igbó ìdílé ni. Àwọn bàbá wọn dáko yí i ká, wọn kò dá inú rẹ̀. Ọ̀mọ̀ wà níbẹ̀, ìrókò wà, arère wà, odò kékeré kan sì ń ti abẹ́ wọn ṣàn jáde. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí ní àyíká mọ́. Ìdí nìyẹn tí onígẹdú kan fi ń wá sílé wọn léraléra, bí ẹni ń wá ìyàwó. Ọdẹ́wálé, àbúrò Adéagbo, ló ń gbà á lálejò. Òrùlé ilé ìdílé ń jò. Àwọn ọmọ ilé ń kùn. Onígẹdú ti ṣetán.

Lẹ́yìn náà ni Màdáámù Comfort ránṣẹ́.

Èkó ni obìnrin yìí ń gbé, ó lówó. Ó ní òun fẹ́ máa fi owó òun ran àwọn tó ń tọ́jú igbó lọ́wọ́. Àjọ tó dá sílẹ̀ yóò gba lọ́yà, kí ìjọba lè mọ igbó náà mọ́ àwọn tó ni ín. Yóò máa sanwó fún àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ. Yóò sì máa fún ìdílé ní nǹkan lọ́dọọdún, kí wọ́n má baà tìtorí àìní gé igi. Adéagbo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní obìnrin náà yóò gba nǹkan kan.

Ìyẹn gan-an ló rú u lójú. Ẹni tó ń rajà, èèyàn mọ ohun tó fẹ́. Onígẹdú fẹ́ igi. Kí ni ẹni tó ń fúnni lówó, tí kò ra nǹkan kan, ń fẹ́? Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Bí ọwọ́ obìnrin náà bá wá wà lókè lórí Igbó Ìdí-Ọ̀mọ̀, ibo ni ọwọ́ tiwọn yóò wà?

Ìdílé ti ṣèpàdé lé e lórí. Wọ́n ní kí Adéagbo lọ bá obìnrin náà parí ọ̀rọ̀ lónìí. Bí kò bá parí, ọkọ̀ onígẹdú yóò wọ igbó láàárọ̀ ọ̀la.

Ọdẹ́wálé jáde, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ á tètè lọ ká lè tètè dé. Onígẹdú ń retí ìpè mi."

"A kì í fi ọwọ́ òfìfo lọ bá ẹni tó fẹ́ ṣeni lóore," Adéagbo wí. Ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé e dání nígbà náà."

"Wọ́n á ní ìṣákọ́lẹ̀ ni."

"Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà."

Adéagbo gbé epo padà sínú búùtù. Ó gbé agbọ̀n iṣu tì í. Abdulhakeem yára pa búùtù dé kó tó tún yí ọkàn padà.

Ràbíátù ń dúró dè wọ́n ní oríta. Opó Àyàndá ni, ìyá Sùmáyà. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ti Ẹdẹ wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá Adéagbo, láyé ijọ́un. Ẹ̀bá igbó ni ilé rẹ̀ wà. Ewé gbòdògì ló ń já tà fún àwọn tó ń pọ́n ẹ̀kọ, a sì máa ṣa ìgbín nígbà òjò. Ní ọdọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, á gbé agbọ̀n rẹ̀ wá sí Ìrẹ̀mọ. Adéagbo á gbá ìdí rẹ̀.

Kò yé Adéagbo ohun tó kan Ràbíátù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ Màdáámù, ló ní bí Ràbíátù kò bá wá, kò sí ìpàdé.

Ràbíátù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"O ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Kò pẹ́, sà."

"Wọlé."

Ó jókòó níwájú. Kò pẹ́ tó fi ń fi imú fa atẹ́gùn. "Epo tuntun ń rùn sí mi. Ta ló ń gbé epo lọ síbo?"

"Ìyá Sùmáyà," Abdulhakeem wí, "ẹ fi Ọlọ́hun bẹ̀ mí, ẹ má bi mí."

Ní Ìlàrè nínú ìlú, nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni Màdáámù Comfort wọ̀ sí. Adéagbo ti ń retí wúrà. Ó ń retí òórùn ìpara, àti ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kékeré kan ló bá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ bó ọsàn. Awò ojú rẹ̀ nípọn. Ó bó ọsàn kan fún Adéagbo, ó bó ọ̀kan fún Ọdẹ́wálé. Ó wá na ọ̀kan sí Ràbíátù.

"Ìyá, ẹ gbà. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ má jókòó sílẹ̀."

Ràbíátù wo Adéagbo kó tó jókòó. Adéagbo kò wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ló ń wò: *ẹ gbà.* Obìnrin olówó yìí ń fi *ẹ* bá ẹlẹ́wé sọ̀rọ̀.

Ó di ọsàn rẹ̀ mú. Kò mọ̀ bóyá kí òun mu ún. Onílé ni í fún àlejò ní nǹkan mu. Nínú ìlú yìí, ta ni onílé nínú òun àti obìnrin ará Èkó yìí?

Ìyìnolúwa kúnlẹ̀ kí wọn, ó fa àga kan mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Bàbá, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé owó yìí kì í ṣe àánú. Ẹ̀tọ́ yín ni."

"Ẹ̀tọ́," Adéagbo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ̀tọ́."

"Ẹ̀tọ́ ni pé kí ọmọdé kúnlẹ̀ kí àgbà. O kúnlẹ̀ kí mi. O ṣe ẹ̀tọ́. Èwo ni mo wá ṣe tí wọ́n fẹ́ sanwó fún mi?"

"Rárá sà. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń ṣe. Èyí tí èèyàn ní ni."

"Èèyàn máa ń ní ẹ̀tọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ní ẹ̀tọ́ sí igbó yẹn. Ìyá Sùmáyà náà ní."

Ọsàn dúró lẹ́nu Ọdẹ́wálé. "Ta ló ní kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bá yín du ìyẹn. Àmọ́ inú igbó yẹn ni Ìyá ti ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ. Bí a bá fowó sílẹ̀ pé kí igbó má bàjẹ́, tí a kò sì bi ẹni tó ń jẹ níbẹ̀, a lè fi owó wa lé wọn jáde láìmọ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ìdí nìyẹn tí Màdáámù fi ní àfi kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Kì í ṣe ìwé la fẹ́. Ẹnu la fẹ́ gbọ́."

"Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san," Adéagbo wí. "Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ti fi ọwọ́ sọ tirẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?"

Ìyìnolúwa yíjú. Ó wo Màdáámù.

Màdáámù kọjú sí Ràbíátù. "Ìyá, kí lẹ rí sí i?"

"Ohun tí Bàbá bá ti wí ni."

"Mo ti gbọ́ ti Bàbá. Tiyín ni mò ń bèèrè."

Ràbíátù tẹjú mọ́ èèpo ọsàn nílẹ̀. 

"Bí wọ́n bá gé igi, odò á gbẹ. Bí odò bá gbẹ, ewé ò ní sí. Bí ewé ò bá sí, n ó padà sí Ẹdẹ." Ó fi ẹsẹ̀ ti èèpo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò sì mọ ẹnì kankan ní Ẹdẹ mọ́."

 Ọ̀kadà kan kọjá ní títì. Adéagbo gbé ọsàn rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Obìnrin yìí kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òun rí. Àmọ́, òun náà kò bi í rí.

Ó kọjú sí Màdáámù. "Kí lẹ ń wá?"

"Níbo?"

"Nínú igbó wa."

"Mi ò wá nǹkan kan níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó wà ni."

"Kó wà fún ta?"

"Kó ṣáà wà." Ìyá arúgbó náà nu ọ̀bẹ mọ́ aṣọ orí itan rẹ̀. "Owó wà lọ́wọ́ mi, àwọn ọmọ mi ti là. Bí mi ò bá ná an, wọ́n á fi sìnkú mi pẹ̀lú ariwo. Mo ní kí n kúkú fi ṣe nǹkan tí kò ní pariwo."

Ọdẹ́wálé rẹ́rìn-ín. Adéagbo kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì gbọ́ ìdáhùn nínú rẹ̀. Bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀ tí òun kò gbọ́. Ìyẹn náà kò yé e.

Ó ṣẹ́wọ́ sí Abdulhakeem. Awakọ̀ gbé agbọ̀n iṣu wọlé, ó padà lọ gbé epo. Adéagbo dìde.

"Ẹ gba èyí lọ́wọ́ wa. Ọpẹ́ ni." Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. "Ọpẹ́ lásán ni."

Ojú Màdáámù là. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé.

"Ìyá mi o! Epo gidi! Ó mà ti pẹ́ tí mo ti tọ́ irú èyí wò." Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin. "Ẹ ó máa gbé e wá fún mi lọ́dọọdún o!"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́wálé wúkọ́. Ikọ́ náà gùn, kò sì jọ ikọ́. Abdulhakeem gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí ẹyẹ fò wọlé bá. Ràbíátù nìkan ni kò mira.

Adéagbo gbé ọsàn tí kò mu sórí tábìlì. "A ti gbọ́. À ń lọ."

"Bàbá," Ìyìnolúwa wí, "ẹ kò tíì sọ pé ẹ gbà."

"Mi ò tíì sọ."

"Àárọ̀ ọ̀la ni Màdáámù ń padà sí Èkó, sà."

"Mo mọ̀."

Nínú ọkọ̀, Ọdẹ́wálé kò lè pa inú dídùn rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́? Lọ́dọọdún! Ó gba ilẹ̀ yín lójú yín, ó sì fi ìka tọ́ ọ wò. Ó kéré tán, onígẹdú á gbé igi rẹ̀, á lọ. Kò ní ní kẹ́ ẹ máa gbé epo wá."

Adéagbo ń wo òde. Wọ́n ń sún mọ́ ibi tí Ràbíátù yóò ti sọ̀ kalẹ̀ wọ ọ̀kadà. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọdún àkọ́kọ́ ló máa ń roni. Tó bá fi di ọdún kejì, á ti mọ́ ọrùn lára."



"Kí lo wí?" Adéagbo bi í.

"Epo ni, Bàbá. Mo ní epo máa ń wúwo lọ́rùn." Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Ẹ máa lọ ire."

Abdulhakeem kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Ìrẹ̀mọ. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Adéagbo jókòó sábẹ́ ìbòòji lójúde. Ó gbọ́ tí Ọdẹ́wálé ń pe onígẹdú nínú ilé: bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀la, kẹ́ ẹ tètè wá, kí òòrùn tó mú. Ó fẹ́ bínú, kò mọ ẹni tí yóò bínú sí. Bó bá jẹ́ ti obìnrin Èkó, ó gba ẹ̀bùn tayọ̀tayọ̀. Bó bá jẹ́ ti Ràbíátù, epo ló ní ó wúwo. Bó bá jẹ́ ti Ọdẹ́wálé, òrùlé ń jò lóòótọ́. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó mọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Oúnjẹ ọ̀sán dé iwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e padà.

Òòrùn ti ń fà sẹ́yìn nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lójúde. Ìyìnolúwa ló sọ̀ kalẹ̀. Agbọ̀n Adéagbo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Màdáámù ní kí n dá agbọ̀n yín padà."

Adéagbo yọjú wo inú rẹ̀. Búrẹ́dì ńlá kan, ẹja gbígbẹ, iyọ̀ nínú ọ̀rá, ọsàn. Ọsàn kan wà lórí gbogbo rẹ̀ tí wọ́n ti bó. Ó mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ ni.

"Wọ́n ní ẹ kò mu ún," Ìyìnolúwa wí.

"Kí ni gbogbo èyí?"

"Nǹkan lásán ni sà. Wọ́n ní ìyá tó bí wọn kì í jẹ́ kí agbọ̀n olóore padà ní òfìfo."

"Nígbà tí wọ́n da iṣu tán, báwo ni wọ́n ṣe gbé agbọ̀n sí?"

"Sà?"

"Ṣé wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀?"

Ọmọ náà ronú. Ó hàn pé kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í. "Wọ́n gbọ̀n ọ́n nù, sà. Wọ́n nù ún. Wọ́n sì ní kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì wá."

Ó lọ. Adéagbo wà pẹ̀lú agbọ̀n.

Aládùúgbò ni í fi nǹkan sínú agbọ̀n kó tó dá a padà. Onílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, obìnrin yìí kò gbà á bí onílẹ̀. Àmọ́ ó ní lọ́dọọdún. Ó fi ẹnu sọ̀rọ̀ bí onílẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe bí aládùúgbò. Tàbí àwàdà ni. Tàbí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú agbọ̀n. Èwo ni kí èèyàn gbà, ti ẹnu ni àbí ti ọwọ́? Adéagbo yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò rí ìdí rẹ̀. Iṣu kan náà ni, epo kan náà ni. Òun ti pè é ní ọpẹ́ láàárọ̀ yìí, ó sì dá òun lójú pé òótọ́ lòun ń sọ.

Ó mú ọsàn tirẹ̀, ó mu ún. Ó dùn.

Ó wá dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí. Kò mọ ohun tó ń lọ wò níbẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀. Agbọ̀n Ràbíátù ti ọdún yìí wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè, adìẹ kan bà lé e. Ti èṣí wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kù títí dé ògiri, ọ̀kan lórí ìkejì. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ti jẹrà. Kò kà wọ́n.

Ó ti máa ń rí i pé agbọ̀n tuntun ni Ràbíátù máa ń gbé wá. Ó ti rò pé ó fẹ́ràn kí agbọ̀n rẹ̀ máa jẹ́ tuntun ni.

Ó lé adìẹ. Ó gbé agbọ̀n ti ọdún yìí, ó yí i padà, ó fi apá aṣọ nù ún. Ó gé búrẹ́dì sí méjì, ó fi ìlàjì sí i. Ó fi ọsàn sí i, ó fi ẹja sí i. Ó bu iyọ̀.

Ọdẹ́wálé pàdé rẹ̀ lójúde. "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ?"

"Pe onígẹdú. Sọ fún un kó má tíì wá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí n ó fi dé."

"Agbọ̀n ta nìyẹn?"

"Ti Ràbíátù."

Ọdẹ́wálé wo inú agbọ̀n, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí lẹ wá ń gbé lọ fún un? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Adéagbo dúró kó parí rẹ̀. Nígbà tí kò parí rẹ̀, ó kọjá.

Ràbíátù ń di ewé nígbà tí takisí dúró lẹ́bàá igbó. Ó ń to gbòdògì léra, ó ń fi okùn so wọ́n. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, igbó dúdú, ó tutù, odò ń dún nínú rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó rí Adéagbo, ó yára dìde. Ewé tú sílẹ̀.

"Bàbá! Ṣé kò sí?" Ẹ̀rù bà á. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, Bàbá, ẹ má bínú. Ẹnu ló sọ ọ́."

Adéagbo na agbọ̀n sí i.

Ó gbà á tọwọ́ méjèèjì. Ó yí i wò. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀, níbi tó ti fi okùn pupa parí ìhun. "Agbọ̀n mi nìyí."

Lẹ́yìn náà ló rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ń wò ó.

"Kí ni èyí, Bàbá?"

Adéagbo ronú. Láti Ìrẹ̀mọ títí dé ibí ló ti ń wá orúkọ fún un. "Mi ò mọ̀," ó wí.

Ràbíátù wò ó, bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó wọlé lọ da búrẹ́dì àti ọsàn sínú àwo, ó da iyọ̀ sí ibi tí iyọ̀ ń gbé. Ó gbọn agbọ̀n nù. Ó wò yíká bí ẹni tí nǹkan ń wù láti ṣe tí kò rí ohun tí yóò fi ṣe é, ó wá mú ìdì ewé kan, èyí tó mọ́ jù, ó fi sínú rẹ̀. Ó gbé e fún un.

Adéagbo gbà á. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí agbọ̀n náà délẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe mọ́ ọn lára. Ìdì ewé fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó gbé agbọ̀n lé itan, ojú rẹ̀ wà lókè.

Ní ọ̀nà, Abdulhakeem rọra pa ẹ́ńjìnnì. Odò ń dún.

"Láàárọ̀ ọ̀la," Adéagbo wí, "kí obìnrin yẹn tó lọ, a ó padà sí Ìlàrè. Abdulhakeem á wá gbé yín níbí. Tí a bá débẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. N ó sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé yín."

Ràbíátù wẹ̀yìn wò, kó lè rí ẹlòmíì tí Bàbá ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, àfi igbó.